Lẹ́tà QP Lára Bàálù Ìjà Amẹ́ríkà: Ẹ̀ka Wo Ló Ni Ín?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Baltimore ni èmi àti ẹbí mi ń gbé. Lóṣù tó kọjá, mo ra fọ́tò àtijọ́ kan níbi tí bàbá arúgbó kan ti ń ta ẹrù ilé rẹ̀. Bàálù ìjà Amẹ́ríkà ló wà níbẹ̀, P-51 Mustang ti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n kọ QP sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣáájú àmì ìràwọ̀, lẹ́tà kan tún wà lẹ́yìn ìràwọ̀ náà, ìrù rẹ̀ sì mọ́ ju ara rẹ̀ yòókù lọ. Fọ́tò dúdú-àti-funfun ni. Àwọn tí mo bi sọ pé ẹ̀ka 334 tó wà ní Debden ní England ló ni QP, pé kí n kun imú rẹ̀ ní pupa kí n sì gbàgbé ìyókù. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ti ra módẹ́lì, ó fẹ́ kun ún bíi ti inú fọ́tò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí bàálù náà dúró lé dà bí irin olójú ihò, òkè sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ẹ̀ka tó ni irú bàálù yìí àti ọ̀dà tó wà lára rẹ̀? Mo fi ẹ̀dà fọ́tò náà ránṣẹ́."

Ìdáhùn: Ẹ kú ilé o, ẹ sì bá mi kí ọmọ náà dáadáa. Ọmọ tó fẹ́ kun ohun tí ojú rẹ̀ rí, tí kò fẹ́ kun ohun tí wọ́n kàn sọ fún un, ọmọ tó yẹ ká dá lóhùn tọkàntọkàn ni.

Àwọn tí ẹ bi kò parọ́ o. QP jẹ́ ti ẹ̀ka 334 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n QP tún jẹ́ ti ẹ̀ka mìíràn tó jìnnà sí England, òun ló sì wà nínú fọ́tò yín. Ítálì ni wọ́n ti ya á. Ẹ̀ka 2 nínú ẹgbẹ́ 52 ló ni bàálù náà, yẹ́lò ni ìrù rẹ̀. Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́kọ́ rí ẹ̀rí rẹ̀: irin olójú ihò nílẹ̀, òkè lẹ́yìn. Àwọn tó dá yín lóhùn ka lẹ́tà, wọn ò wo ilẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú, ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Squadron ni mo ń pè ní ẹ̀ka, ohun tí wọ́n ń pè ní Group ni mo ń pè ní ẹgbẹ́. Ẹ̀ka mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń fi bàálù ìjà jagun nígbà náà. Lókè àwọn ẹgbẹ́ ni àwọn Air Force olónọ́mbà wà: 8th Air Force ní England, 15th Air Force ní Ítálì, 5th Air Force ní New Guinea, àtàwọn mìíràn. Olúkúlùkù wọn ló ní òfin tirẹ̀ lórí ọ̀dà àti lẹ́tà. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Àwọn àgbà tó mọ ilà ojú wò, tí wọ́n bá rí pélé lẹ́rẹ̀kẹ́ ènìyàn, wọn kì í sáré pe ìlú rẹ̀, torí ìlú tó ń kọ pélé kì í ṣe ẹyọ kan. Wọ́n á wo gígùn ilà náà, wọ́n á ka iye rẹ̀, wọ́n á sì dúró kí onítọ̀hún la ẹnu kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. Bó ṣe yẹ ká wo bàálù nìyẹn. Lẹ́tà kan ṣoṣo kò tó. Ẹ kọ́kọ́ mọ ìgbà tí wọ́n ya fọ́tò, ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ya á, lẹ́yìn náà ni lẹ́tà tó wá ní ìtumọ̀.

Ẹ gbọ́ bí QP ṣe di ti ẹni méjì. Ní àárín ọdún 1942, ẹgbẹ́ 31 àti ẹgbẹ́ 52 gúnlẹ̀ sí Ìlú Ọba, wọ́n sì fún wọn ní Spitfire, bàálù àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kọ lẹ́tà náà ni wọ́n kọ ọ́ sára tiwọn: lẹ́tà méjì fún ẹ̀ka, lẹ́tà kan fún bàálù fúnra rẹ̀. Ẹ̀ka mẹ́ta tó wà nínú ẹgbẹ́ 52 ni ẹ̀ka 2, ẹ̀ka 4 àti ẹ̀ka 5. QP, WD àti VF ni lẹ́tà wọn. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n kó wọn lọ sí Àríwá Áfíríkà láti lọ bá àwọn Jámánì àti Ítálì jà, wọ́n sì gbé lẹ́tà wọn lọ. Wọn ò bó o sílẹ̀ títí ogun fi parí.

Àwọn tó kù ní England ńkọ́? Ní oṣù kẹsàn-án 1942 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ 4 sílẹ̀, tí ibùdó rẹ̀ wà ní Debden, láti inú àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó ti ń bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì fò nínú ẹ̀ka mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Eagle Squadrons. Lẹ́tà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. XR ni ẹ̀ka 334 kọ sára bàálù rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀: ẹ̀ka 334 gba QP, 335 gba WD, 336 gba VF. Lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹgbẹ́ 52 ń lò ní Áfíríkà ni ẹgbẹ́ 4 náà wá ń lò ní England. Kò dí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, torí ojú sánmà tí àwọn méjèèjì ti ń jà kò pàdé. Àwa tó wá ń wo fọ́tò wọn lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún ló dà rú mọ́ lójú.

Kò sì mọ sórí QP o. MX, HL àti WZ náà rí bẹ́ẹ̀. Ní Ítálì, ẹgbẹ́ 31 ló ni wọ́n, fún ẹ̀ka 307, 308 àti 309. Ní Duxford ní England, ẹgbẹ́ 78 ló ni wọ́n, fún ẹ̀ka 82, 83 àti 84. Èyí ti fìyà jẹ mí rí. Ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, wọ́n gbé fọ́tò P-51 kan wá fún mi tó ní HL lára. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ti Duxford ni, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo sì fi ń wá orúkọ awakọ̀ rẹ̀ láàárín àwọn ará Duxford. N kò rí i, kò sì lè ṣe é ṣe kí n rí i. Nígbà tí mo padà tẹjú mọ́ ìrù rẹ̀ ni mo rí i pé ìlà dẹ̀gbẹ́dẹ̀gbẹ́ wà níbẹ̀, àmì ẹgbẹ́ 31 pọ́ńbélé. Ẹgbẹ́ 78 ní tirẹ̀, imú bàálù rẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun bíi ojú pátákó dráàfù. Kò sí ohun tó jọra nínú àwọn méjèèjì ju lẹ́tà lọ. Láti ọjọ́ yẹn, lẹ́tà ni mo ń kà kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká wá mú fọ́tò tiyín.

Ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni ìràwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí òun ni kàlẹ́ńdà wa. Kí Amẹ́ríkà tó wọ ogun, róbótó búlúù ni, ìràwọ̀ funfun wà nínú rẹ̀, róbótó pupa kékeré sì wà láàárín ìràwọ̀. Ní oṣù karùn-ún 1942, wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n pa pupa yẹn rẹ́, torí róbótó pupa ni àmì àwọn Japan, ẹni tó ń yìnbọn lè ṣì í mú. Ní òpin oṣù kẹfà 1943, wọ́n fi apá funfun méjì sí ẹ̀gbẹ́ róbótó náà lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì fi ìlà pupa yí gbogbo rẹ̀ ká. Pupa yẹn náà tún kó ìdààmú bá àwọn tó ń jà ní Pàsífíìkì, kò sì pẹ́ lọ́dún yẹn kan náà tí búlúù fi rọ́pò rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín nílé bá tọ́jú fọ́tò bàálù Amẹ́ríkà tí wọ́n yà ní Èkó tàbí Kánò nígbà ogun Hítílà, ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbé bàálù gbà láti Takoradi lọ sí Íjíbítì gba Èkó, Kánò àti Maiduguri kọjá, àwọn kan nínú bàálù náà sì jẹ́ P-40 ti Amẹ́ríkà.

Nínú fọ́tò yín, apá funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀, ìlà tó yí i ká sì dúdú bákan náà pẹ̀lú róbótó rẹ̀. Ó ti kọjá 1943 nìyẹn. Ìborí dígí tó wà lórí awakọ̀ tún rí roboto láìní férémù lẹ́yìn, tó túmọ̀ sí pé P-51D ni, irú èyí tó dé ojú ogun Yúróòpù ní àárín 1944. Ẹgbẹ́ 52 sì ti fi Spitfire sílẹ̀ bọ́ sínú Mustang ní ìgbà ìrúwé 1944. Ìgbà bá ara mu.

Ilẹ̀ ńkọ́? Irin olójú ihò yẹn, abala kọ̀ọ̀kan rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10, wọ́n ń kọ́ ọ mọ́ra wọn bí ẹní láti fi tẹ́ pápá bàálù kíákíá. A rí i ní àwọn pápá kan ní England pẹ̀lú, nítorí náà irin náà nìkan kò lè dá ẹjọ́. Òkè ẹ̀yìn rẹ̀ ló dá a. Debden wà ní Essex, ibi tí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Madna ni ẹgbẹ́ 52 wà láti 1944, nítòsí etíkun Adriatic ní Ítálì, òkè ló sì wà tí ẹ bá kọjú sí inú ìlú.

Ohun kan tún wà tí kò sí nínú fọ́tò náà. Ní alẹ́ tó ṣáájú ìgúnlẹ̀ Normandy ní oṣù kẹfà 1944, àwọn bàálù ìjà tó wà ní England ni wọ́n kun ìlà funfun mẹ́ta àti dúdú méjì sí apá àti ìdí wọn, kí àwọn tiwọn má bàa yìnbọn lù wọ́n. Ìlà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ínǹṣì 18 lára bàálù oníẹ́ńjìnnì kan. Búrọ́ọ̀ṣì làwọn mìíràn fi kùn ún, àwọn mìíràn lo ìgbálẹ̀ pàápàá, torí wákàtí díẹ̀ ni wọ́n fún wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pa á rẹ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, títí ọdún yẹn fi ń parí lọ. P-51D ti Debden ní ìdajì kejì 1944 yóò ní díẹ̀ nínú rẹ̀ lára. Tiyín kò ní rárá.

Ibi tó le jù ló kù: àwọ̀. Báwo la ṣe ń rí yẹ́lò nínú fọ́tò dúdú-àti-funfun?

Fíìmù oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ nígbà náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní orthochromatic kì í rí pupa rárá, pupa a máa jáde bí dúdú nínú rẹ̀, yẹ́lò á ṣú, búlúù á sì mọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní panchromatic ń rí gbogbo àwọ̀ bí ojú ènìyàn ṣe ń rí i, ó ku díẹ̀ ni: búlúù á ṣókùnkùn, pupa á dà bí eérú tó ṣú díẹ̀, yẹ́lò á mọ́ gan-an. Àwọ̀ kan ṣoṣo náà lè jáde bí òru nínú fíìmù kan, kó jáde bí ọ̀sán nínú èkejì. Ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn kì í fi í tán láàárín àwa tó fẹ́ràn nǹkan yìí.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ kan wà lára bàálù náà tí a mọ̀ dájú: búlúù tó yí ìràwọ̀ ká. Òun la fi ń dán fíìmù wò. Mo gbé fọ́tò yín tóbi lójú kọ̀ǹpútà, mo fi búlúù yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo fi ìrù sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Búlúù náà ṣú dẹ̀dẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dúdú. Panchromatic ni fíìmù náà nìyẹn. Bí ìrù bá jẹ́ pupa nínú fíìmù yẹn, yóò ṣú, kò ṣú. Ó kù ká mọ̀ bóyá funfun ni tàbí yẹ́lò. Mo wá fi í wé funfun inú ìràwọ̀. Ìràwọ̀ mọ́ jù ú lọ díẹ̀, bí aṣọ tuntun ṣe ń mọ́ ju aṣọ tí a ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá lọ. Yẹ́lò ni. Ẹ tún wo imú: lẹ́yìn orí abẹ̀bẹ̀, ọ̀já kan wà tó dà bí eérú tó ṣú. Pupa nìyẹn. Ìrù yẹ́lò pẹ̀lú ọ̀já pupa nímú ni aṣọ ẹgbẹ́ 52.

Bó bá jẹ́ ti Debden ni, imú pupa yóò wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrù kò ní mọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ètò 8th Air Force, torí ẹ óò tún pàdé rẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹta 1944, àwọ̀ imú ni aṣọ ẹbí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ 4 gba pupa. Ẹgbẹ́ 352 ní Bodney gba búlúù. Ẹgbẹ́ 361 gba yẹ́lò, 355 gba funfun, 359 gba àwọ̀ ewé. Àwọn kan nínú àwọn tó kù gba ojú dráàfù: 357 ní Leiston lo pupa àti yẹ́lò, 353 lo dúdú àti yẹ́lò, 339 lo pupa àti funfun. Nígbà tó yá, wọ́n fi àwọ̀ sí apá ìrù tó ń yí, èyí tí awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ darí, láti ya ẹ̀ka sọ́tọ̀ nínú ẹgbẹ́. Ní Debden, pupa jẹ́ ti 334, funfun ti 335, búlúù ti 336. Aṣọ ẹbí ni imú, fìlà ni ìrù. Nítorí náà bàálù QP ti Debden, apá ìrù tó ń yí nìkan ni yóò ní pupa, kì í ṣe gbogbo ìrù.

Ní Ítálì, ìrù ni wọ́n sọ di aṣọ ẹbí. Ẹgbẹ́ 31 lo ìlà pupa dẹ̀gbẹ́dẹ̀gbẹ́, 52 lo yẹ́lò, 325 lo ojú dráàfù dúdú àti yẹ́lò, 332 sì kun gbogbo ìrù ní pupa. Ẹgbẹ́ 332 yìí ni ti àwọn awakọ̀ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kọ́ ní Tuskegee ní Alabama, tí Benjamin O. Davis Kékeré jẹ́ ọ̀gá wọn. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ bí wọ́n ṣe ń ka bàálù wọn, torí ẹni púpọ̀ mọ ìrù pupa, kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kì í kọ lẹ́tà méjì bíi ti ẹgbẹ́ 31 àti 52, nọ́mbà ni wọ́n ń kọ. Ẹ̀ka mẹ́rin ló wà nínú ẹgbẹ́ wọn, ó fi ọ̀kan lé sí tàwọn ẹgbẹ́ yòókù. Ẹ̀ka 99 fi A ṣáájú nọ́mbà rẹ̀. Ẹ̀ka 100 ń lo nọ́mbà 1 sí 39, ẹ̀ka 301 ń lo 40 sí 69, ẹ̀ka 302 ń lo 70 sí 99. Ẹ tún wo àwọn abala pẹlẹbẹ kéékèèké tó wà létí ìrù lẹ́yìn pátápátá: funfun fún 99, dúdú fún 100, búlúù fún 301, yẹ́lò fún 302. Ohun kékeré ni, kò ju pátákó rúlà lọ lójú ẹni tó dúró nítòsí rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni yóò sọ ẹ̀ka tí bàálù náà wà nígbà tí nọ́mbà bá fara pamọ́.

Ní Pàsífíìkì, nọ́mbà ni wọ́n sábà ń lò. Nínú ẹgbẹ́ 49, ẹ̀ka 7 ní 10 sí 39, ẹ̀ka 8 ní 40 sí 69, ẹ̀ka 9 ní 70 sí 99. Ìrù funfun tí ẹ óò rí níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀ka kankan. Àwọn bàálù ìjà oníẹ́ńjìnnì kan ti 5th Air Force ni wọ́n kun ún sí láti 1943, kí wọ́n má bàa ṣì wọ́n mú fún ti Japan. Ti àwọn ọmọ ogun ojú omi jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ pátápátá, n kò ní fi dí yín lọ́wọ́.

Ẹ má sì gbára lé orúkọ tí wọ́n kọ sí imú. Awakọ̀ ló ni orúkọ náà, ó sì ń gbé e kiri bí oríkì. George Preddy ti ẹgbẹ́ 352 sọ bàálù rẹ̀ ní Cripes A' Mighty. Nígbà tó wà ní ẹ̀ka 487, HO-P ni lẹ́tà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi jẹ olórí ẹ̀ka 328, orúkọ kan náà lọ sára bàálù mìíràn, lẹ́tà wá di PE-P. Ọjọ́ Kérésìmesì 1944 ló kú, ìbọn àwọn Amẹ́ríkà tó wà nílẹ̀ ló ṣèèṣì bà á. Ẹni tó bá rí orúkọ yẹn lórí imú, tó wá sáré kọ ẹ̀ka sílẹ̀, ó lè fi ti oṣù kan sínú oṣù mìíràn.

Ọ̀dà ara bàálù náà ń yí padà lórí bàálù kan ṣoṣo. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ogun, ẹ̀yìn wọn jẹ́ àwọ̀ ewé tó ń gbẹ, tí wọ́n ń pè ní Olive Drab, abẹ́ wọn jẹ́ àwọ̀ eérú. Nígbà tí 1944 bẹ̀rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ dáwọ́ kíkùn ún dúró, bàálù wá ń jáde ní páànù bó ṣe wà, ó ń dán. Ìdí ni pé kò sí ẹni tó tún ń sá pamọ́ fún Jámánì mọ́ nígbà yẹn, ọ̀dà sì ń fi ìwúwo kún bàálù lásán. Síbẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ kan ní England tún ń fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun ẹ̀yìn tiwọn. Old Crow, bàálù Bud Anderson ti ẹ̀ka 363 nínú ẹgbẹ́ 357, lẹ́tà rẹ̀ B6-S, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí yìnyín bo ilẹ̀ ní ìgbà òtútù 1944, Anderson sọ fún àwọn mẹkáníìkì rẹ̀ pé ó máa dára bí wọ́n bá lè bó ọ̀dà náà nígbà tí àyè bá yọ. Wọn ò dúró de àyè. Ní òru ọjọ́ yẹn, wọ́n fi àkísà tí wọ́n rẹ sínú epo bàálù fọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ọwọ́ wọn sì bó. Ilẹ̀ mọ́, bàálù ń dán. Anderson, tó kú ní 2024 lẹ́ni ọdún 102, kò gbàgbé ọwọ́ wọn yẹn títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Nítorí náà bí ẹ bá rí B6-S aláwọ̀ ewé, ẹ tún rí B6-S tó ń dán, àwọn méjèèjì tọ̀nà.

Fọ́tò aláwọ̀ gan-an kì í sì í parí ẹjọ́. Ní oṣù keje 1944, wọ́n ya Mustang mẹ́rin ti ẹ̀ka 375 nínú ẹgbẹ́ 361, tí ibùdó wọn wà ní Bottisham, bí wọ́n ṣe ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí tó wà níwájú ni Lou IV, E2-C, ti ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, Thomas Christian, tó kú lójú ogun ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Àwọ̀ ni fọ́tò náà, ó mọ́ gaara. Síbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, àwọn kan ń sọ pé búlúù ni ẹ̀yìn àwọn bàálù yẹn, àwọn kan ní àwọ̀ ewé ni. Ọ̀rọ̀ tèmi nípa rẹ̀ ni pé àwọ̀ ewé ni. Fíìmù aláwọ̀ ìgbà yẹn a máa fà sí búlúù tí wọ́n bá yà á lókè níbi tí ojú sánmà ti ń tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí ohun gbogbo, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀tuntẹ̀ nínú ìwé. Ẹni tó bá sọ pé búlúù ni, n kò ní bá a jà, ṣùgbọ́n n kò ní kun tèmi bẹ́ẹ̀.

Ó kan módẹ́lì ọmọ yín. Ara bàálù náà, páànù tó ń dán. Ṣùgbọ́n kó má ṣe kun apá rẹ̀ bíi ara. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe P-51, wọ́n máa ń fi pọ́tì dí ojú ìdè páànù apá kí afẹ́fẹ́ lè yọ̀ lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á fi ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà bò ó. Apá kì í dán bí ara, ó máa ń rọ̀ lójú. Módẹ́lì tó dára ni mo ti rí púpọ̀ tó pàdánù ibẹ̀. Òkè imú níwájú awakọ̀ jẹ́ Olive Drab tí kì í dán, kí oòrùn má bàa ta á lójú. Orí abẹ̀bẹ̀ àti ọ̀já ẹ̀yìn rẹ̀, pupa. Gbogbo ìrù, yẹ́lò. QP àti lẹ́tà kẹta, dúdú. Kó kun yẹ́lò sórí funfun, kì í ṣe sórí fàdákà tààrà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò jáde bí omi àgbo.

Lẹ́tà kẹta yẹn, ẹ tún fi ojú sí i. Mo rí i bí M, ṣùgbọ́n ó jọ pé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ìlà náà bá wà lóòótọ́, ó túmọ̀ sí pé M méjì ló wà nínú ẹ̀ka náà lẹ́ẹ̀kan náà, tiyín sì ni èkejì. Ẹ gbé fọ́tò gidi síbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń wọlé, kí ẹ dà á dẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ẹ óò mọ̀ bóyá ọ̀dà ni tàbí pé fọ́tò ló họ.

Nọ́mbà ìrù ni yóò wá mú yín dé ọ̀dọ̀ bàálù náà gan-an. Ọkùnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi èjìká bo ìparí nọ́mbà náà, ṣùgbọ́n mo rí 4 níbẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á yọ nọ́mbà àkọ́kọ́ nínú ọdún ìnáwó tí wọ́n fi rà á kúrò: bàálù 44-13410, bíi Lou IV tí mo mẹ́nu bà, 413410 ni ẹ óò rí nírù rẹ̀. Tiyín jẹ́ ti 44 nìyẹn, ó sì bá P-51D mu. Bí ẹ bá rí nọ́mbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i lára fọ́tò gidi, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ìbéèrè níwájú èyí tí kò dá yín lójú.

College Park kò jìnnà sí yín rárá. National Archives tó wà níbẹ̀ ní fọ́tò ogun púpọ̀ jọjọ, wọ́n sì ní ìwé ìròyìn tí wọ́n kọ nípa bàálù àti awakọ̀ tí kò padà wálé, tí nọ́mbà ìrù wà nínú wọn. Ẹ jọ lọ, ẹ̀yin àti ọmọ náà. Kí ẹ tó lọ, ẹ rọra yọ fọ́tò náà kúrò nínú férémù rẹ̀ kí ẹ wo ẹ̀yìn. Bàbá tó tà á fún yín, tàbí ẹni tó fún un, lè ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan síbẹ̀. Bí orúkọ bá wà níbẹ̀, ẹ padà lọ bi bàbá náà ẹni tó jẹ́ kó tó pẹ́ jù, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ̀wé sí mi.